ORÍ KEJE: Bí Ọdẹ Ẹyẹ Omi Ṣe Ń Tọ́jú Irinṣẹ́ Nígbà Tí Sáà Bá Parí

Àfojúsùn

Ní ìparí orí yìí, akẹ́kọ̀ọ́ yóò lè:

1. sọ ọjọ́ tí sáà ọdẹ ẹyẹ omi ń bẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ tó ń parí ní England;
2. ṣàlàyé ohun mẹ́ta tó ń ba irinṣẹ́ ọdẹ jẹ́ nínú ilé;
3. to iṣẹ́ fífọ̀, gbígbẹ àti títìpa tẹ̀lé ara wọn, kí ó sì sọ ìdí tí ètò wọn kò fi gbọdọ̀ yí padà;
4. fi ìtàn Woolwich àti àbàtà Erith ṣàlàyé ìdí tí a fi ń ya ẹtù sọ́tọ̀.

7.1 Ìfáárà

Woolwich mọ ìbọn ju ọ̀pọ̀ ìlú lọ. Ní 1671 ni ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ra ilẹ̀ kan létí odò Thames níbẹ̀, kí wọ́n lè máa kó ohun ogun pa mọ́ sí i. Ibi ìpamọ́ yìí ló dàgbà di ilé-iṣẹ́ ńlá tí Ọba George Kẹta sọ ní Royal Arsenal ní 1805. Bí iṣẹ́ ṣe ń pọ̀ sí i, ó gba orí àbàtà Plumstead lọ síhà ìlà-oòrùn. Nígbà tí wọ́n ti ilé-iṣẹ́ náà pa ní 1967, orí àbàtà yìí ni ìjọba ìlú London kọ́ Thamesmead sí, àwọn olùgbé àkọ́kọ́ sì kó wọlé ní 1968. Lónìí, ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ló fi àdúgbò méjèèjì ṣe ilé. Ìbọn náà kò tíì di ìtàn pátápátá níbẹ̀: ní 2012, bárékè Royal Artillery ní Woolwich ni wọ́n ti ṣe ìdíje ìbọn yínyìn ti Òlímpíìkì.

Àwọn ẹyẹ omi kò kúrò nígbà tí ilé dé. Ní adágún Southmere àti ní ọgbà ìdáàbòbò ẹ̀dá tó wà ní Crossness, èèyàn á rí mallard, teal, shelduck àti oríṣìíríṣìí pẹ́pẹ́yẹ mìíràn. Wíwò nìkan ni ti ibẹ̀, ẹnikẹ́ni kì í yìnbọn fún wọn. Ọdẹ tó ń gbé Thamesmead á wa ọkọ̀ lọ sí àbàtà Kent, níbi tí odò Medway àti Swale ti ń pàdé òkun, lábẹ́ àṣẹ ẹgbẹ́ tó ni ẹ̀tọ́ ọdẹ níbẹ̀. Ìrọ̀lẹ́ ni yóò padà sílé pẹ̀lú ẹrẹ̀, iyọ̀ àti irinṣẹ́ tútù, ilé náà sì lè jẹ́ fúláàtì oníyàrá méjì ní àjà kẹrin, tí kò ní gáréèjì, tí kò sì ní àgbàlá.

Ibẹ̀ ni ẹ̀kọ́ orí yìí ti bẹ̀rẹ̀. Títọ́jú irinṣẹ́ kì í ṣe pé ká gbé e sí kọ̀rọ̀ ká gbàgbé rẹ̀. Iṣẹ́ mẹ́ta ni, ó sì ní ètò: a ó fọ̀ ọ́, a ó gbẹ ẹ́, a ó tì í pa. Ẹni tó bá ti irin tútù mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù ti ti ìpáàrà mọ́ ọn níbẹ̀, bó ti wù kí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ lágbára tó.

7.2 Sáà ọdẹ àti ìgbà ìsinmi

Òfin tó ń darí ọdẹ ẹyẹ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni Wildlife and Countryside Act ti 1981. Sáà pẹ́pẹ́yẹ àti ẹyẹ goose tí òfin fàyè gbà ń bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kìíní oṣù September. Lórí ilẹ̀ gbígbẹ, ó ń parí ní ọjọ́ 31 oṣù January. Ní etí òkun tí omi máa ń kún bò, tó sì tún máa ń fà sílẹ̀, ó ń parí ní ọjọ́ 20 oṣù February. Nítorí náà, ìbọn ọdẹ etí òkun yóò sinmi fún ohun tó lé díẹ̀ ní oṣù mẹ́fà.

Gbogbo pẹ́pẹ́yẹ kọ́ ni òfin fi sílẹ̀ fún ọdẹ. Àpẹẹrẹ kan ni garganey, pẹ́pẹ́yẹ kékeré tó máa ń sá fún òtútù Yúróòpù lọ sí Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Ó máa ń lo ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ní irú ibi bí àbàtà Hadejia-Nguru ní àríwá Nàìjíríà, kí ó tó padà sókè nígbà ìrúwé. Ààbò òfin wà lórí rẹ̀ jálẹ̀ ọdún ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Ohun kan wà nínú ọjọ́ tí sáà ń parí tó kan ìpamọ́ gan-an. February wà lára oṣù tó tutù jù, tó sì ṣòro jù láti gbẹ nǹkan ní London. A ti fèrèsé, a tan ẹ̀rọ amúlégbóná, a ń sá aṣọ sínú ilé. Ọ̀sẹ̀ tí irinṣẹ́ nílò afẹ́fẹ́ gbígbẹ jù lọ gan-an ni afẹ́fẹ́ inú ilé kún fún omi jù. Ọdẹ tó bá mọ èyí kò ní kánjú ti nǹkan kan pa.

7.3 Ọ̀tá mẹ́ta

(a) Iyọ̀. Omi ibi tí odò ti pàdé òkun ní iyọ̀ nínú. Bí omi náà bá gbẹ lára irin, iyọ̀ kò bá a lọ. Iyọ̀ tó kù yìí ni yóò máa fa ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ mọ́ra, irin yóò sì máa dógùn-ún nígbà tí ọdẹ rò pé ó ti gbẹ. Ìdí nìyí tí fífọ̀ fi gbọ́dọ̀ ṣáájú gbígbẹ: omi tí kò níyọ̀ ni a fi ń lé omi oníyọ̀.

(b) Ọ̀rinrin inú ilé. Ìkòkò ẹ̀wà tó ń hó láti àárọ̀, omi gbígbóná ní bàlùwẹ̀, aṣọ tí a tẹ́ sórí radiator, èémí àwọn tó sùn sínú yàrá: gbogbo wọn ló ń sọ omi sínú afẹ́fẹ́. Bí afẹ́fẹ́ gbígbóná yìí bá kan ohun tútù, omi inú rẹ̀ á jáde sí i lára. Ó ń ṣe é sí gíláàsì fèrèsé, tí a fi ń sọ pé fèrèsé ń làágùn. Bẹ́ẹ̀ náà ló ń ṣe sí ọ̀pá ìbọn. Àwọn ilé kọnkéré tí wọ́n kọ́kọ́ kọ́ ní Thamesmead gbajúmọ̀ fún ọ̀rinrin láti ìbẹ̀rẹ̀, nítorí ògiri wọn máa ń tutù. Ẹ̀rọ kékeré tó ń wọn ọ̀rinrin afẹ́fẹ́ kò wọ́n lọ́jà. Bí nọ́ńbà rẹ̀ bá ń lé ní 60 nínú ọgọ́rùn-ún lójoojúmọ́, irin kò ní pẹ́ dógùn-ún.

(d) Ọwọ́ tí kò yẹ. Ọmọdé, àlejò àti olè wà nínú èyí. Abala 7.5 yóò sọ̀rọ̀ lé e.

Ẹ jẹ́ ká wo àpẹẹrẹ kan. Ọdẹ kan dé láti Kent lálẹ́ ọjọ́ tí sáà parí. Ó nu ìbọn rẹ̀ lóréfèé, ó tì í bọ inú àpò rẹ̀ tó ní irun rírọ̀ nínú, ó gbé e sínú kọ́bọ́ọ̀dù onírin tó wà lára ògiri ìta, ó sì tì í pa. Ní September, ó ṣí àpò náà. Apá òkè ọ̀pá ìbọn ń dán. Àmọ́ lábẹ́, níbi tí àpò ti fún mọ́ irin, ó rí àmì pupa wẹ́wẹ́ bí ìgbà tí a wọ́n ata gígún síbẹ̀. Ó fi òróró nù ún, pupa náà lọ. Ó fi ọwọ́ pa á, ó sì mọ̀ ọ́n lábẹ́ ìka pé irin náà ti di gbágungbàgun. Òróró kò lè dí ihò yẹn mọ́. Àpò tó rò pé ó ń dáàbò bo ìbọn ló gba omi pa mọ́ fún un.

7.4 Ètò ìtọ́jú ìbọn

Ìgbésẹ̀ kìíní: yẹ̀ ẹ́ wò. Kọ ẹnu ìbọn síbi tí kò séèyàn, ṣí i, wo inú ihò méjèèjì fúnra rẹ. Bí ó bá jẹ́ oríṣi tó ń gbé ọta sínú ikùn, wo ikùn náà pẹ̀lú. Àwọn àgbà ní, ìbọn ní apátí, kò ní apátí, ta ni yóò jẹ́ kí a kọjú rẹ̀ sí òun? Kò sí ìgbà tí a ń fi ojú ìbọn òfìfo wo ìbọn.

Ìgbésẹ̀ kejì: tú u, kí o sì nu iyọ̀ kúrò. Aṣọ tí a fi omi ẹ̀rọ rẹ díẹ̀ ni a ó fi nu ara ọ̀pá ìbọn, abẹ́ rẹ̀, àti ibi tí irin ti pàdé igi. A kì í da omi sínú ẹ̀rọ rẹ̀. Lẹ́yìn náà, aṣọ gbígbẹ.

Ìgbésẹ̀ kẹta: fọ inú ọ̀pá. Òògùn ìfọbọn, búrọ́ọ̀ṣì onídẹ àti ọ̀pá gígùn ni a ń lò. Ẹtù máa ń fi ẹ̀gbin dúdú sílẹ̀, kátíríìjì tó ní ike nínú sì máa ń fi ike yíyọ́ sí ara ihò. Ọ̀rinrin lè fara pamọ́ sábẹ́ ike yìí. Ọ̀pá náà mọ́ nígbà tí aṣọ funfun tí a tì gbà á bá jáde ní funfun.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: jẹ́ kó gbẹ. Fi í sílẹ̀ ní yàrá tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ fún wákàtí díẹ̀, lójú rẹ. Má ṣe gbé e ka orí radiator, nítorí igi ìdí ìbọn á là.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: fi òróró pa á, kí ó fẹ́lẹ́. Òróró púpọ̀ léwu, torí yóò ṣàn wọ inú igi, yóò sì sọ ọ́ di rírọ̀. Nítorí èyí ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ń tún ìbọn ṣe fi ń dámọ̀ràn pé kí a kọ ẹnu ìbọn sísàlẹ̀ nínú kọ́bọ́ọ̀dù bí yóò bá pẹ́ níbẹ̀, kí òróró lè máa ṣàn lọ síhà ẹnu dípò igi.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: gbé e wọlé láìsí àpò. Fi àpò kékeré tó ń fa ọ̀rinrin tì í, irú èyí tó máa ń wà nínú páálí bàtà tuntun àmọ́ tó tóbi jù ú lọ. Lẹ́ẹ̀kan lóṣù, mú ìbọn jáde, wò ó, nù ún.

7.5 Títìpa: ohun tí òfin ń béèrè

Ní England, ìbọn ọlọ́ta wẹ́wẹ́ wà lábẹ́ Firearms Act ti 1968. Ẹni tó bá fẹ́ ní in gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ọlọ́pàá. Woolwich wà lábẹ́ Greenwich, Thamesmead sì pín sáàárín Greenwich àti Bexley, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ Metropolitan Police kan náà ni gbogbo wọn ti ń gba ìwé. Ọdún márùn-ún ni ó ń lò. Lára ohun tí ìwé náà là sílẹ̀ ni pé kí a pa ìbọn mọ́ lọ́nà tí ẹni tí kò ní àṣẹ kò fi ní dé ìdí rẹ̀, bó bá ti lè ṣeé ṣe tó. Òṣìṣẹ́ ọlọ́pàá yóò wá wo ilé kí wọ́n tó fún ni ní ìwé.

Kọ́bọ́ọ̀dù onírin tó bá ìlànà BS 7558 mu ni ọ̀pọ̀ ọdẹ ń rà. Ìlànà yìí kò parí iṣẹ́. A gbọ́dọ̀ fi bóòtù dè é mọ́ ògiri líle, níbi tí ẹni tó yọjú sí ẹnu ọ̀nà tàbí fèrèsé kò ti ní rí i. Níhìn-ín ni fúláàtì ti ń fún ọdẹ ní ìṣòro: ògiri ìta le, ṣùgbọ́n ó tutù, ògiri tín-ínrín tó pín yàrá sí méjì kò tutù, ṣùgbọ́n páálí ni, kò lè di bóòtù mú. Ibi tó dára jù ni ògiri kọnkéré tàbí bíríkì tó wà láàárín ilé. Bí kò bá sí, ògiri ìta náà ni yóò jẹ́, pẹ̀lú ohun tó ń fa ọ̀rinrin, kí ọdẹ sì máa yẹ ìbọn wò lemọ́lemọ́ ju ẹ̀ẹ̀kan lóṣù lọ.

Ọ̀rọ̀ kọ́kọ́rọ́ ṣòro nínú ilé Yorùbá, níbi tí ohun ti ẹnì kan jẹ́ ti gbogbo ẹbí. Òfin kò mọ ìyẹn. Ẹni tó ní ìwé àṣẹ nìkan ló gbọ́dọ̀ mọ ibi tí kọ́kọ́rọ́ wà. Ìyàwó tàbí ọkọ tí kò ní ìwé kò gbọdọ̀ mọ̀ ọ́n, àbúrò tó wá kí ni láti Ìbàdàn kò gbọdọ̀ mọ̀ ọ́n, ọmọ tó ti wọ yunifásítì kò gbọdọ̀ mọ̀ ọ́n. Kì í ṣe àìfọkàntánni.

Ẹni tó bá fẹ́ lọ sílé fún oṣù méjì láàárín ọdún lè gbé ìbọn rẹ̀ sọ́dọ̀ oníṣòwò ìbọn tó forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ọlọ́pàá, kí wọ́n bá a tọ́jú rẹ̀ lówó. Bí ìbọn bá sọ nù tàbí tí wọ́n bá jí i, ọlọ́pàá gbọ́dọ̀ gbọ́ láìjáfara. Bí ọdẹ bá kó kúrò ní Woolwich lọ sí Abbey Wood, kó kọ àdírẹ́sì tuntun ránṣẹ́ sí wọn. Kí akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ka ìwé yìí ní Nàìjíríà rántí pé òfin tirẹ̀ yàtọ̀: Firearms Act ti 1959 ni ó ń darí ìbọn níbẹ̀, títí kan ṣakabùlà.

7.6 Ẹtù ní yàrá tirẹ̀

Ìtàn kan wà tó ṣẹlẹ̀ ní tòsí ibi tí Thamesmead wà lónìí. Ní àárọ̀ ọjọ́ kìíní oṣù October 1864, àwọn ilé ìpamọ́ ẹtù tó wà ní àbàtà Erith létí odò Thames bú gbàmù. Àwọn èèyàn kú, London sì gbọ́ ìró rẹ̀. Ewu kejì ló fẹ́rẹ̀ẹ́ burú ju ti àkọ́kọ́ lọ. Àbàtà náà rẹlẹ̀ ju ojú omi lọ nígbà tí odò bá kún. Ògiri erùpẹ̀ nìkan ló ń dá omi dúró, ìbúgbàmù náà sì fọ́ ọ. Omi ti fà ní wákàtí náà, àmọ́ yóò padà wá. Àwọn lébìrà tó ń gbẹ́ ilẹ̀ fún iṣẹ́ omi ìdọ̀tí ní Crossness àti àwọn ọmọ ogun láti Woolwich sáré wá, wọ́n kó amọ̀ àti àpò iyanrìn dí ihò náà kí odò tó kún. Ní 1875, ìjọba gbé òfin Explosives Act jáde láti ṣètò bí a ó ṣe máa ṣe ẹtù àti bí a ó ṣe máa pa á mọ́.

Nígbà tí Royal Arsenal ń kọ́ ilé ìpamọ́ tirẹ̀ sí àbàtà Plumstead ní ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún, wọn kò kó gbogbo ẹtù sójú kan. Ilé kọ̀ọ̀kan jìnnà síra, wọ́n mọ òkìtì erùpẹ̀ yí i ká, wọ́n sì gbẹ́ kòtò omi yí òkìtì ká. Orúkọ tí wọ́n ń pè é ni tump. Ète rẹ̀ ni pé bí ọ̀kan bá bú, kí ó má ran èkejì. Díẹ̀ nínú wọn ṣì wà ní Thamesmead. Tump 53 ti di ọgbà ìdáàbòbò ẹ̀dá.

Páálí kátíríìjì ọdẹ kò tó ohun tí à ń kọ́ tump fún, ṣùgbọ́n ìlànà kan náà ni: má ṣe kó ohun méjì tó léwu pọ̀. Kí kátíríìjì wà ní ibi títì tirẹ̀, kí ìbọn wà ní tirẹ̀. Ẹni tó bá fọ́ ọ̀kan kò tíì rí èkejì. Kí ibẹ̀ tutù, kí ó sì gbẹ. Kò gbọdọ̀ sún mọ́ radiator tàbí ẹ̀rọ tó ń gbóná omi.

Irú ọta tó wà nínú kátíríìjì náà ṣe pàtàkì. Láti 1999 ni òfin ti ka lílo ọta òjé fún pẹ́pẹ́yẹ àti ẹyẹ goose léèwọ̀ ní England. Ìdí rẹ̀ ni pé àwọn ẹyẹ omi máa ń gbé òkúta wẹ́wẹ́ mì kí iwe wọn lè fi lọ oúnjẹ. Bí wọ́n bá rí ọta òjé nínú ẹrẹ̀, wọ́n á gbé e mì bí òkúta, iwe á lọ̀ ọ́, májèlé rẹ̀ á sì pa wọ́n. Ọta irin, bismuth tàbí tungsten ni a ń lò báyìí. Àwọn ọdẹ kan ṣì ń fi òjé yin àwo amọ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Irú wọn gbọ́dọ̀ kọ orúkọ ọta gàdàgbà sára páálí kọ̀ọ̀kan, kí òjé má bàa tẹ̀ lé wọn lọ sí àbàtà ní September. Kátíríìjì ọta irin tí omi bá wọ̀ lè dógùn-ún nínú kí ọta rẹ̀ lẹ̀ mọ́ra. Èyí tí ìdí idẹ rẹ̀ bá ti yí àwọ̀, tàbí tí ara rẹ̀ bá ti wú, kì í ṣe ohun yínyìn mọ́, kì í sì í ṣe ohun tí à ń jù sínú agbọ̀n ìdọ̀tí. Oníṣòwò ìbọn ni a ń gbé e fún.

7.7 Àwọn irinṣẹ́ yòókù

Ṣòkòtò àbàtà. Ṣòkòtò rọ́bà tó ní bàtà lẹ́sẹ̀ yìí ló ń gbé ẹrẹ̀ wálé jù. Kì í ṣe ẹrẹ̀ nìkan ló ń gbé: ẹyin kòkòrò omi àti èso ewéko àjèjì lè wà nínú rẹ̀. Ní 2010 ni wọ́n kọ́kọ́ rí edé apanirun kan láti ìlà-oòrùn Yúróòpù nínú adágún Grafham Water. Ìlànà tó tẹ̀ lé e ni pé kí a yẹ̀ ẹ́ wò, kí a fọ̀ ọ́, kí a gbẹ ẹ́. Omi tó gbóná tó 45°C fún ìṣẹ́jú 15 ń pa ọ̀pọ̀ nínú wọn. Lẹ́yìn náà, tan tọ́ọ̀ṣì sínú ṣòkòtò náà nínú òkùnkùn: ibi tí ìmọ́lẹ̀ bá ti yọ ni omi yóò gbà wọlé. Lẹ̀ ẹ́ nísinsìnyí, kì í ṣe ní alẹ́ ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n oṣù August. Fi ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ́ sókè, má ṣe ká a, torí ojú ibi tí a ká ni rọ́bà ti ń là.

Aṣọ. Jákẹ́ẹ̀tì tí a fi ìda pa kì í wọ inú ẹ̀rọ ìfọṣọ. Omi tútù àti kànìnkànìn ni tirẹ̀, kí a sì tún fi ìda pa á bó bá gbẹ. Fọ súwẹ́tà onírun àgùntàn kí o tó pa á mọ́, nítorí aṣọ tó ní òógùn àti ọ̀rá lára ni kòkòrò fẹ́ràn jù.

Ẹyẹ ẹ̀tàn. Fọ iyọ̀ kúrò lára àwọn ère pẹ́pẹ́yẹ tí à ń fi tan ẹyẹ wálẹ̀, tú okùn wọn, wé e mọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Inú àpò àwọ̀n ni kí wọ́n wà, níbi tí oòrùn kò ti ní sun ọ̀dà wọn. Má ṣe gbé ẹrù lé wọn.

Tọ́ọ̀ṣì, fèrè pẹ́pẹ́yẹ àti ìwé. Yọ bátìrì kúrò nínú tọ́ọ̀ṣì, nítorí omi rẹ̀ máa ń jò jẹ irin inú. Tú fèrè, fọ itọ́ àti iyọ̀ kúrò. Ìwé àkókò ìkún odò ti ọdún tó kọjá, jù ú nù: ẹni tó bá fi í lọ sí àbàtà lọ́dún tó ń bọ̀ lè bá omi pàdé níbi tó rò pé ilẹ̀ wà.

7.8 Kàlẹ́ńdà iṣẹ́

Ìparí February: fọ̀, gbẹ, tún ṣe, tì í pa. Kọ ohun tó bàjẹ́ sílẹ̀.
March sí July: yẹ ìbọn wò lóṣooṣù. Wo nọ́ńbà ọ̀rinrin. Ṣí fèrèsé nígbà tí ooru bá dé.
August: nu òróró inú ọ̀pá ìbọn kúrò kí o tó yìn ín. Wo ọjọ́ tí ìwé àṣẹ yóò parí. Ra ìwé ìkún odò tuntun.

Àkótán

Iyọ̀, ọ̀rinrin àti ọwọ́ tí kò yẹ ni ọ̀tá irinṣẹ́ ọdẹ. Fífọ̀ ń lé àkọ́kọ́, gbígbẹ ń lé èkejì, títìpa ń lé ẹ̀kẹta. Bí ètò wọn bá yí padà, iṣẹ́ ọ̀kan yóò ba ti èkejì jẹ́.

Ìdánrawò

1. Ọjọ́ wo ni sáà ọdẹ pẹ́pẹ́yẹ ń parí (a) lórí ilẹ̀ gbígbẹ, (b) ní etí òkun tí omi ń kún bò?
2. Kí ló dé tí àpò ìbọn onírun fi lè ṣe ìbọn ní ìjàǹbá nínú kọ́bọ́ọ̀dù?
3. Ọdẹ kan ní fúláàtì tó ní ògiri kọnkéré níta nìkan. Sọ ibi tí yóò de kọ́bọ́ọ̀dù mọ́, àti ohun méjì tí yóò ṣe nípa ọ̀rinrin.
4. Fi àwọn tump ti Plumstead wé bí ọdẹ ṣe ń pín ìbọn àti kátíríìjì sọ́tọ̀. Níbo ni wọ́n ti jọra? Níbo ni wọ́n ti yàtọ̀?
5. Ìyá arúgbó kan wá kí ọmọ rẹ̀ ọdẹ ní Thamesmead fún oṣù mẹ́ta, ó sì ní kí ó fi ibi tí kọ́kọ́rọ́ wà han òun, torí pé àgbà ni òun. Kọ èsì tí ọmọ náà yóò fún un, pẹ̀lú ọ̀wọ̀ tó yẹ ìyá.
6. Iṣẹ́ ṣíṣe: wọn ọ̀rinrin afẹ́fẹ́ nínú yàrá mẹ́ta ní ilé rẹ láàárọ̀ àti lálẹ́ fún ọ̀sẹ̀ kan. Yàrá wo ló yẹ irin jù lọ, kí sì ni ìdí rẹ̀?